Ọ̀dà Ni À Ń Wò Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ: Ìtàn Ẹ̀rọ Pólíṣì Ọkọ̀

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní ìlú òkèèrè, ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú àwọn ilé kan tí iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ará ìlú gbé mi dé. Ọmọ á ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ pólíṣì kí òun lè máa mú ara ọkọ̀ dán gba owó. Bàbá á ní, "Ṣé nítorí kí o lè máa nu mọ́tò ni mo ṣe rékọjá òkun?" Ìyá á wà láàárín, kò ní mọ ẹni tí òun yóò gbè. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn iṣẹ́ yìí àti ti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é. Inú ìtàn náà ni a ó ti mọ irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a rà, a ó sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ gidi ni tàbí eré ọmọdé.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti Rothenburgsort, àdúgbò kan ní ìhà ìlà-oòrùn Hamburg, lẹ́bàá odò Elbe. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kún ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ní òru July 27 mọ́júmọ́ ọjọ́ 28, ọdún 1943, bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì dá ìjì iná sílẹ̀ tí ó pa àdúgbò náà run. Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, títí tí òpópónà Billstraße fi di ọjà ńlá fún ohun àlòkù tí ń lọ sí Áfíríkà: firíìjì, táyà, ẹ̀rọ, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ọjà náà dáadáa.

Láti èbúté O'Swaldkai, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ọdún pípẹ́. Orúkọ ìdílé oníṣòwò kan ní Hamburg ni èbúté yẹn ń jẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdílé náà ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa wa. Owó ẹyọ náà pọ̀ dé ibi tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀ ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà náà, epo wa ni ó ń lọ sí Hamburg. Ní ayé tiwa, ọkọ̀ Hamburg ni ó ń bọ̀ wá sí ilé wa.

Báwo ni ọkọ̀ àlòkù ṣe gba òde lọ́dọ̀ wa? Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè yá owó ra Ìjàpá tuntun nígbà náà. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Bí a ṣe yíjú sí ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò nìyẹn, tí a sì sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a gbé bọ̀ wálé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta Tòkunbọ̀ mọ̀ pé ara rẹ̀ ni olùrà ń kọ́kọ́ wò, kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ pólíṣì fi wọ inú òwò náà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó rí níhìn-ín: ọ̀dà ni à ń wò kí a tó ra ẹ̀rọ. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ti yí padà nígbà mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni a fi ń kun mọ́tò. Ọwọ́ ni a fi ń kùn ún, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó gbẹ tán. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà Duco jáde, tí a ń fẹ́ sí ara ọkọ̀ bí ìrì, tí ó sì ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ọkọ̀ Oakland ti ilé iṣẹ́ General Motors ni ó kọ́kọ́ lò ó, fún ọdún 1924. Ọ̀dà yìí yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dán fúnra rẹ̀; a ní láti fi nǹkan ha ojú rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Bí oòrùn bá sì pa á, a ó tún un ha. Ibí yìí ni pólíṣì ti di iṣẹ́ tí a ń gba owó lé lórí.

Ìyípadà kẹta ni ó kàn wá jù. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọkọ̀ ní ìpele méjì: àwọ̀ ní ìsàlẹ̀, àti ọ̀dà tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì lókè rẹ̀. Ọ̀dà gaara yìí ni ó ń dán, òun náà ni ó sì ń dáàbò bo àwọ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín púpọ̀. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní micron. Gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ tuntun kì í sábà ju 100 sí 150 micron lọ. Ọ̀dà gaara náà kì í sì sábà ju nǹkan bí 50 lọ. Fọ́nrán irun orí kan lè nípọn jù ú lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fi ẹ̀rọ pólíṣì kan ọkọ̀ ni a ń bó díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kì í sì í hù padà. Bí ó bá tán, oòrùn Ìbàdàn yóò ṣe èyí tí ó kù.

Ẹ̀rọ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Stuttgart, ilé iṣẹ́ Fein ṣe ẹ̀rọ oníná àfọwọ́mú àkọ́kọ́ tí a fi ń lu ihò, ní 1895. Ní agbègbè yẹn kan náà ni a dá ilé iṣẹ́ Ackermann àti Schmitt sílẹ̀ ní 1922, èyí tí ó ń ta ẹ̀rọ tí a ń pè ní Flex, ní 1954 wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọrin kan jáde tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Jámánì fi sọ orúkọ náà di ọ̀rọ̀ ìṣe: wọ́n ń ní "flexen." Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a dín eré rẹ̀ kù ni ẹ̀rọ pólíṣì tí ń yí lójú kan. Ó bá ọ̀dà tí ó nípọn láyé àtijọ́ mu. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà gaara, bí ọwọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, ooru rẹ̀ lè jó etí ilẹ̀kùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè fi ìlà róbótó-róbótó sílẹ̀ tí yóò hàn bí oòrùn bá ràn.

Nítorí èyí ni ẹ̀rọ kejì, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Exzenter, fi gba iyì. Bí ó ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mì kiri, kì í jẹ́ kí ooru kó jọ sí ojú kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó máa ń dẹ́kun yíyí. Ilé iṣẹ́ Rupes, tí a dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1947, fi kún ìmì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá sí i. Àwọn àgbà wa ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nítorí náà, òbí tí yóò bá ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún ọmọ, Exzenter ni kí ó rà. Èyí tí ìmì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, tí àwo rẹ̀ sì fẹ̀ tó 125, bá iṣẹ́ púpọ̀ mu. Ìmì 21 yá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé, ṣùgbọ́n ó ṣòro níbi tí ara ọkọ̀ bá ti tẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà ní ohun tí a fi ń dín eré kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin ṣe é: òmíràn ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ̀rọ pólíṣì tí ń yí lójú kan lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 600. Ẹ má ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ. Fóòmù àti oògùn pólíṣì tí ó dára ni yóò gba ìyókù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, iná Jámánì àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀ púpọ̀, ẹnu wáyà nìkan ni a ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a rà ní Amẹ́ríkà, fún iná 120, yóò jó. Ẹ sì wo agbára rẹ̀: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó wáàtì 700 kò lè gbé ẹ̀rọ oníwáàtì 1,200.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ rà ni ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn bí ọ̀dà ti nípọn tó. Ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń ra Tòkunbọ̀. Bí ó bá fi 120 hàn lára ilẹ̀kùn kan, tí ó sì ju 1,000 lọ lára èkejì, a ti fi pọ́tì dí ibẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí. Bí ó bá jẹ́ 70, ẹlòmíràn ti lè ha á ṣáájú yín. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Àwọn agbẹ́gilére àti afíngbá wa ti ń fi ewé ìpín dán ojú iṣẹ́ láti ìgbà láéláé. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ bá le jù, ọnà yóò parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ pólíṣì ṣe gbọ́dọ̀ fi fóòmù tí ó rọ̀ jù dán ibi kékeré wò kí ó tó lo èyí tí ó le.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ náà bú u. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ ìdá 10 nínú 1,000 mílímítà ní ẹ̀bùn. Láti 2003 ni iṣẹ́ Fahrzeuglackierer, ti àwọn tí ń kun ọkọ̀, ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dá dúró ní Jámánì, ọdún mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọ, ọmọ sì ń gba owó bí ó ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá fẹ́ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 yóò gba àṣẹ òbí àti ti ilé ẹjọ́ ìdílé. Ẹ bá a lọ bèèrè, ẹ jókòó tì í bí ó ti ń ka ìwé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ yín jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn.

Ọ̀dà tí a bó kì í hù padà, ìfẹ́ iṣẹ́ tí a fi èébú pa lára ọmọ náà kì í tètè sọjí. Ẹ fẹ̀sọ̀ mú méjèèjì. Ó dàbọ̀ o.