Ọta Ìbọn Àfọwọ́ṣe ní Ìjọba Samori Touré (1882–1898)

Samori Touré (nǹkan bí ọdún 1830 sí 1900) ni olùdásílẹ̀ ìjọba Wassoulou, tí ó gbilẹ̀ ní apá kan ilẹ̀ tí a mọ̀ lónìí sí Guinea, Mali àti Côte d'Ivoire. Láti 1882 tí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ti bá àwọn Faransé pàdé ní Kéniéra, títí di 1898 tí wọ́n fi mú un, ó ń bá wọn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn àlàáfíà wáyé láàárín kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí akọni lójú ogun. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ogun náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọta sì ni ó fún wọn níṣòro ju ìbọn lọ.

Ìbọn ṣakabùlà, tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta, kò ṣòroó bọ́: irin wẹ́wẹ́ pàápàá lè di ọta rẹ̀. Ìbọn Gras, tí àwọn ọmọ-ogun Faransé gbà wọlé ní 1874, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ni à ń gbà ki í, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ní ilà tí ó lọ́ yípo, tí ń mú kí ọta máa pòyì bí ó ti ń lọ, kí ó lè lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn. Nǹkan mẹ́rin ni a so pọ̀ di ọta rẹ̀: ìkarahun tí a fi idẹ ṣe, ẹ̀tù inú rẹ̀, òjé orí rẹ̀, àti èròjà kékeré ìdí rẹ̀ tí ń ṣáná. Irú ọta yìí kan náà ni Kropatschek ń lò, ṣùgbọ́n òun lè kó ọta púpọ̀ sí abẹ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Freetown ni Samori ti ń rí púpọ̀ nínú ìbọn ìgbàlódé rẹ̀ rà. Ní oṣù Keje 1890 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels, tí ó ka kíkó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ àti ọta wọn wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà léèwọ̀. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fàyè sílẹ̀ fún. Bí ọ̀nà ọjà ti ń dí, ó túbọ̀ di dandan láti gbójú lé agbẹ̀dẹ.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Samori tú ìbọn Gras àti Kropatschek palẹ̀, wọ́n sì fi irin ilẹ̀ wọn rọ irú wọn. Àwọn onítàn ṣírò rẹ̀ pé ìbọn bíi 12 ni wọ́n ń rọ lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ọta 200 sí 300 lójúmọ́. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, bí a bá pín ọta 300 fún ẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun, kò lè kan olúkúlùkù ní ẹyọ kan lóòjọ́.

Ìpéye tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ ẹ̀tù ni a ń gún pọ̀ di ẹ̀tù. Bí ìdá wọn kò bá dọ́gba, tàbí tí ẹ̀tù inú ọta kan bá ju ti èkejì lọ, agbára tí ń ti òjé jáde kò ní rí bákan náà. Tayọ̀tayọ̀ ni ẹni tí ó mọ ìbọn yìn dunjú yóò fojú sun àmì, ṣùgbọ́n ọta kan yóò balẹ̀ níwájú àmì, èkejì yóò sì fò ó kọjá. Ìkarahun tí a bá sì tún kì lẹ́yìn tí a ti yìn ín lè fẹ̀ tàbí kí ó sán, kí agbára iná máa bá ibẹ̀ jò. Ohun tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Faransé ń wọ̀n lọ́nà kan náà nígbà gbogbo, ọwọ́ àti ojú ni alágbẹ̀dẹ fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní 29 oṣù Kẹsàn-án 1898, àwọn Faransé mú Samori ní Guélémou. Wọ́n kó o lọ sí Gabon, níbi tí ó kú sí ní 1900. Ìtàn àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ kò jẹ́ kí a lè sọ pé àìmọ iṣẹ́ ni ó fa ìṣẹ́gun àwọn aláwọ̀ funfun ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n mọ ìbọn rọ. Ohun tí wọn kò ní ni ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tí kò yàtọ̀ síra.