Iṣẹ́ Tí Ẹyẹ Òkun Ń Jẹ́ ní Crozet

Ní ọdún 1887, ọkọ̀ ojú omi Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Tamaris fọ́ ní erékùṣù Crozet, ní ìsàlẹ̀ Òkun Índíà. Àwọn 13 tó wà nínú rẹ̀ gúnlẹ̀ síbi tí ènìyàn kankan kì í gbé. Wọ́n mú ẹyẹ òkun kan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára páànù pélébé, wọ́n so ó mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Etíkun Fremantle ní Ọsirélíà ni wọ́n ti rí ẹyẹ náà he, ó jìnnà sí Crozet ju 5,000 kìlómítà lọ. Ìjọba Faransé rán ọkọ̀ lọ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrò níbi tí wọ́n wà kó tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí wọn mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ fi òrùka sẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kí ni òrùka lè sọ? Ibi tí wọ́n ti fi í sẹ́sẹ̀ ẹyẹ àti ibi tí wọ́n ti tún rí i, ó parí. Ó dà bí kí a mọ̀ pé ẹnìkan kúrò ní Ìlọrin, a sì rí i ní Èkó, kí a má mọ ọ̀nà tó gbà.

Crozet yìí kan náà ni Pierre Jouventin àti Henri Weimerskirch ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 1989. Ẹyẹ albatross ni wọ́n lò, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ju mítà 3 lọ bó bá nà án tán. (A ò rí orúkọ Yorùbá fún un, a ò sì fẹ́ fi ipá ṣẹ̀dá ọ̀kan.) Wọ́n so ẹ̀rọ tó wúwo tó 180 gíráàmù mọ́ akọ mẹ́fà lẹ́yìn. Sátẹ́láìtì tó ń ṣiṣẹ́ fún ètò Argos ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà bó ṣe ń kọjá lókè. Ẹ rántí bí fèrè ọkọ̀ ṣe máa ń dún gooro bó bá ń bọ̀, tó sì máa ń wálẹ̀ bó bá ti kọjá. Irú ìyípadà ohùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí ẹyẹ wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyẹ tó ń sàba ni wọ́n yàn? Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ padà wálé. Ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé, wọ́n á sì sàba lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. Bí ọ̀kan bá wà lórí ẹyin, èkejì á lọ jẹ̀. Ìrìn ìjẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ láti 3,600 dé 15,000 kìlómítà! Nígbà tí èyí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1990, ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Àwa náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà fi nǹkan búburú hàn pẹ̀lú. Abo albatross Crozet sábà máa ń lọ jẹ̀ sí apá àríwá, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn apẹja tuna ń na okùn gbọọrọ wọn sí, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀. Ẹyẹ á gbé ìdẹ mì, ìwọ̀ á sì wọ́ ọ wọ omi. Ní 1991, Nigel Brothers ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 44,000 albatross ni okùn àwọn ará Japan nìkan ń pa lọ́dún. Bí ìyàwó kò bá dé, ọkọ á jókòó lé ẹyin títí ebi á fi lé e dìde. Ẹyin náà ṣòfò nìyẹn.

Láti ìparí 2018 sí 2019, Weimerskirch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún so ẹ̀rọ mọ́ ẹyẹ 169. Èyí ń gbọ́ ìró rédà ọkọ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Ọkọ̀ lè pa ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tó wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó pa rédà kó má forí gbá ọkọ̀ mìíràn. Nínú àwọn ọkọ̀ tí àwọn ẹyẹ náà bá pàdé lójú agbami tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kéde ara wọn. Àwọn ẹyẹ náà kúkú ń bá oúnjẹ wọn lọ ni, wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ròyìn ẹnikẹ́ni.