Ẹjọ́ Hadijatou Mani: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àkókò àti ìlànà ìpẹ̀jọ́ ìyàsọ́tọ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dá orílẹ̀-èdè Niger lẹ́bi pé kò dáàbò bo Hadijatou Mani Koraou lọ́wọ́ oko ẹrú. Ó pàṣẹ kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 fráǹkì CFA fún un.

Ta ni Hadijatou Mani?

Ìdílé tí wọ́n ń kà sí ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1996, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, wọ́n tà á ní 240,000 fráǹkì CFA. Ó ṣiṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án láìgba owó. Ní 2005, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìwé ìdásílẹ̀, àmọ́ ó ní ìyàwó òun ni. Nígbà tó fẹ́ ẹlòmíràn, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2007 lórí ẹ̀sùn pé ó ní ọkọ méjì.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1965 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ìran tí wọ́n bí ènìyàn sí mọ́ ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà.

Ṣé dandan ni kí ẹjọ́ ilé kọ́kọ́ parí?

Ọdún 2007 ló pe Niger lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2008, àwọn adájọ́ wá jókòó ní Niamey láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìjọba ní ẹjọ́ kò tíì parí nílé. Àwọn adájọ́ fèsì pé òfin ilé ẹjọ́ náà kò béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ wo ni gbèdéke ń bẹ̀rẹ̀?

Àfikún Àdéhùn ti ọdún 2005 mẹ́nu ba gbèdéke ọdún mẹ́ta. Nínú ẹjọ́ tí àjọ SERAP pe Nàìjíríà lórí Niger Delta, ilé ẹjọ́ náà sọ ní 2012 pé bí ìrúfin bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró ni kíkà yóò bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni agbára rẹ̀ mọ?

Àwọn adájọ́ gbà pé wọ́n ya Hadijatou Mani sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe ìjọba. Ìjọba jẹ̀bi nítorí pé àwọn aláṣẹ rẹ̀ rí oko ẹrú, wọn kò sì ṣe ohun tó yẹ.

Kí ló kù fún òṣìṣẹ́ ní Niger?

Niger kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29, oṣù Kíní, ọdún 2025. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá yàn jẹ ní àdúgbò Lazaret ní Niamey kò lè gbójú lé ọ̀nà yẹn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba ni yóò kọ́kọ́ lọ fún ìlàjà, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́ abẹ́lé.

Ní 2021, Niger gbà kí ará ìlú máa lọ tààrà sí Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha. Ìlànà tibẹ̀ le ju ti ECOWAS lọ: ẹjọ́ ilé gbọ́dọ̀ parí, olùpẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ dé láàárín àkókò tó bójú mu. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.