Yùréníọ̀mù Arlit: Ta Ni Niger Lómìnira Láti Tà Á Fún?

Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023 ni ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà kan ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé lóòótọ́ ni pé yùréníọ̀mù Niger ló ń tan iná ilẹ̀ Faransé? Ó tan díẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Kazakhstan ló ń wa yùréníọ̀mù jù lọ láyé. Ohun tó ń ti Niger jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èyí tí ayé ń wà. Àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ kiri pé bí Niger bá ti ilẹ̀kùn, Paris á ṣókùnkùn, àsọdùn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá torí èyí gbé ìtàn náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ò ní mọ ohun tí ìjà náà dá lé. Kì í ṣe bí ìṣúra náà ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Ta ni Niger lómìnira láti tà á fún, ta ni yóò sì dá iye lé e? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí omi ti ṣẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Algeria. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Dahomey, Niger àti Ivory Coast gba òmìnira. Kò tíì pé ọdún kan, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin ọdún 1961, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Faransé. Ẹni tó bá ka iwájú rẹ̀ nìkan á rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́jà lásán ni. Àfikún kejì ni kí ẹ kà. Wọ́n to epo rọ̀bì, gáàsì, yùréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti lítíọ̀mù síbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà ṣèlérí pé, nítorí ààbò, Faransé ni àwọn yóò kọ́kọ́ máa tà á fún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú èyí tí àwọn fúnra wọn nílò; bí ọ̀rọ̀ ààbò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, wọn yóò dín títà rẹ̀ fún ẹlòmíràn kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Èyí tí àwọn fúnra wọn nílò kẹ̀? Kí ni Niger fẹ́ fi yùréníọ̀mù ṣe? Kò ní ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì kan, kò sì tíì ní in títí dòní. Gbogbo rẹ̀ ni gbólóhùn yẹn gbé fún Faransé.

Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Somair sílẹ̀ ní 1968, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa kùsà ní Arlit ní 1971. Cominak tẹ̀ lé e ní Akouta, lábẹ́ ilẹ̀, ní 1978. Ẹ wo bí ìpín Cominak ṣe wá rí: Faransé ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún, Niger 31, Japan 25, Spain 10. Àwọn tó ni ìpín yìí náà ni wọ́n ń ra ọjà, bí ìpín kálukú ṣe tó, ní iye tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní Bódìjà mọ̀ pé oníbàárà kì í bá ọlọ́jà jókòó sídìí igbá kan náà. Ní Arlit, ìdí igbá ló jókòó sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà ló ń kó ìyẹ̀fun aláwọ̀ yẹ́lò náà láti Arlit wá sí Parakou, rélùwéè á wá gbé e lọ sí Cotonou. Ojú irin yẹn gba Sábẹ̀ kọjá, àárín àwọn èèyàn wa. Mo máa ń rán àwọn tó bá ní ọ̀rọ̀ Niger kò kàn wá létí èyí.

Ọdún 1974 ni kí a dúró lé díẹ̀. Epo rọ̀bì ti gbówó lórí lọ́dún tó ṣáájú, Faransé sì pinnu ní oṣù kẹta 1974 pé òun yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ mànàmáná átọ́míìkì rẹpẹtẹ. Ààrẹ Hamani Diori rí i pé ọjà òun ti di àwárí. Ó ní kí wọ́n fi owó kún un, Gabon tó ń wa yùréníọ̀mù náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdúnàádúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Ààrẹ Pompidou kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí í ṣe ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, Ọ̀gágun Seyni Kountché gbàjọba. Wọ́n pa Aïssa, ìyàwó Diori, nínú ilé ìjọba. Wọ́n ju ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n.

Ṣé Faransé ló wà nídìí ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dá òjò ti pa màlúù, ebi ń pa aráàlú, ẹ̀sùn pé àwọn tó wà nípò ń fi oúnjẹ ìrànwọ́ ṣòwò kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kountché fúnra rẹ̀ lé ṣọ́jà Faransé kúrò nílùú láìpẹ́, ó sì gba owó tó jù ti tẹ́lẹ̀ lórí yùréníọ̀mù. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: ṣọ́jà Faransé wà ní Niamey lọ́jọ́ náà nítorí àdéhùn tí Diori fọwọ́ ara rẹ̀ sí, wọn kò sì jáde ní bárékè. Àdéhùn ààbò náà dáàbò bo yùréníọ̀mù. Kò dáàbò bo ààrẹ.

Owó wọlé díẹ̀ fún Kountché, ó tilẹ̀ ta lára ìpín Niger fún Líbíyà. Nígbà tó di àárín ọdún 1980 sí 1990, iye rẹ̀ já wálẹ̀, gbèsè ló kù. Ẹ má sì gbàgbé pé Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ jù lọ iná tí Niamey ń tàn ti ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a gé e ní 2023, wọ́n rí òkùnkùn.

Mamadou Tandja ló tún gbìyànjú. Ní 2007 ó ní Faransé nìkan kọ́ ló lè máa wà á mọ́. Ó gba owó kún owó, ó sì jẹ́ kí àwọn ará China wọ Azelik. Àwọn ológun lé e ní 2010, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya òfin ilẹ̀ náà kó lè pẹ́ lórí oyè. Azelik ti kógbá wọlé ní 2015. Mahamadou Issoufou tó jẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Somair rí, jà títí di 2014 kí wọ́n tó gbà pé ìṣákọ́lẹ̀ lè kúrò ní ìdá 5.5 kó sì dé 12, bẹ́ẹ̀ òfin ìwakùsà 2006 ti sọ ọ́ tipẹ́.

Cominak ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹta ọdún 2021. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù pàǹtírí onítànṣán olóró ló fi sílẹ̀ ní Akouta. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ 2023, wọ́n ti ẹnubodè Benin, ìyẹ̀fun Somair sì há sí Arlit. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ológun gba ìwé àṣẹ Imouraren padà lọ́wọ́ Orano. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n kéde pé Somair ti di ti ìjọba pátápátá. Ìdá 63.4 tí Faransé ní níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Rọ́ṣíà ti ń kan ilẹ̀kùn. Niger kò ní etíkun, ọ̀nà Cotonou sì ni ọjà yìí mọ̀ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.