Ta Ni Ó Di Ọ̀nà Mú? Ìtàn Ọ̀nà Ìṣòwò láti Èkó dé Ìbàdàn

Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn kò gùn. Ẹlẹ́sẹ̀ tí ó mọ ìrìn rìn yóò dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan, bí òjò kò bá dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn baba ńlá wa, gígùn ọ̀nà nìkan kọ́ ni oníṣòwò fi ń ṣírò àjò rẹ̀. Iye ibodè tí ó wà lójú ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ń bèèrè. Ẹni tí ó ru iyọ̀ bọ̀ láti etí òkun àti ẹni tí ó ru epo bọ̀ láti òkè, àwọn méjèèjì ni yóò sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú oníbodè, tí wọn yóò sì ka owó ẹyọ sílẹ̀ kí a tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ọjà Bodè tí ó wà ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ àkókò náà títí di òní. Lóde òní àwọn aláṣẹ ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ṣíṣí iṣẹ́ ìrìnnà àti ìkẹ́rù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe é, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ní ilẹ̀ Yorùbá, a sì ti fi ẹ̀mí púpọ̀ sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ti rí. Ìbàdàn jìnnà sí omi. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó di ọ̀nà ìlà oòrùn mú, pẹ̀lú ọjà ńlá Ẹ̀jìnrìn tí ó wà ní etí ọ̀sà; àwọn Ẹ̀gbá ni ó di ọ̀nà odò Ògùn mú, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sí èyí nínú wọn tí ó fẹ́ kí ará Ìbàdàn kọjá lọ sí etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí oníṣòwò Èkó kọjá lọ sí òkè. Ní ọjà ààlà ni a ti ń pààrọ̀ ẹrù, ẹni tí ó bá sì jókòó sí àárín ni èrè ń bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé ní ìgbà náà pe èyí ní ìwà ọ̀kánjúwà, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé lẹ́yìn wọn sì gbà á gbọ́. Èmi kò rò pé ìdájọ́ náà tọ́ tán. Owó ibodè ni owó ìlú. Òun ni a fi ń tún ọ̀nà ṣe, òun ni a fi ń bọ́ àwọn olóyè àti ìránṣẹ́ wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn àti ẹ̀tù ń gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ. Ìlú wo ni yóò jẹ́ kí ẹ̀tù kọjá ní ẹnubodè rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó lè fi jà á lọ́la?

Síbẹ̀ ìyà tí ọ̀nà dídì ń fi jẹ mẹ̀kúnnù kò kéré. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Àlùfáà David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wà ní inú ìlú náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé wọn, wọ́n sì rí ohun tí ó ń jẹ́ ọ̀wọ́n: iyọ̀ di ohun iyebíye, owó tí a fi ń ránṣẹ́ sí wọn kò lè dé, títí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ní 1865 ni Glover, tí àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà, tó rán ènìyàn láti Èkó gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ nínú igbó wá mú ìyàwó àlùfáà náà kúrò níbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí òyìnbó etí òkun ń ránṣẹ́ sí, kí ni ó ti rí fún ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ ìlú?

Gólóbà yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ ronú pé bí ènìyàn méjì bá dì mọ́ ọ̀nà méjì, kí a la ẹ̀kẹta. Ní 1872 ìjọba Èkó ṣí ọ̀nà Oǹdó, tí ó gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà oòrùn, tí ó sì gba ilẹ̀ Oǹdó gòkè títí ó fi yọ sí ìhà Ìbàdàn. Ọ̀nà tí ó yí ká púpọ̀ ni, ó sì rẹ alárù; ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tààrà bá tì, èyí tí ó wọ́ pàápàá di ọ̀nà. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ìgbà náà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò gba ibodè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì yin ìbọn.

Kò tó. Ní 1877 Ààrẹ Látòósà rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ra ẹrù ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ẹ̀tù sì wà nínú ẹrù náà. Bí wọ́n ti ń bọ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹrù àwọn oníṣòwò yìí ni ó tan iná ogun tí ó di ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, tí Èkìtìparapọ̀ dìde sí, tí a sì jà ní Kírìjì. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, àti Charles Phillips wà nínú àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ogun dáwọ́ dúró lórí òkè. Ọ̀nà kò là.

Gómìnà Carter ni ó wá fi agbára là á. Ní oṣù kìíní 1892 àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà, kí ìjọba sì máa san £500 ní ọdọọdún dípò owó ibodè. Èyí kò kéré ní òye: a mọ̀ pé ìlú tí a bá gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan mìíràn jẹ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òyìnbó kan fẹ́ kọjá ni wọ́n dá a padà. Ìjọba sì pe èyí ní ìwé àdéhùn tí a ya. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà a ja ogun Ìmàgbọ̀n, ìbọn tí ń yin ara rẹ̀ léraléra sì ṣe ohun tí £500 kò ṣe. Àwọn Ẹ̀gbá rí i, wọ́n sì gbọ́n. Ní oṣù kìíní 1893 wọ́n bá Carter ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní ti ọ̀nà láìjẹ́ pé gómìnà bá gbà, òun náà sì gbà pé wọn yóò máa ṣe ìjọba ara wọn. Wọ́n ṣe é títí di 1914.

Òmìnira òwò tí a fi ìbọn mú wá, ta ni ó ni ín? Ìdáhùn wà lórí irin. Ní 1896 iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní oṣù kẹta 1901 a ṣí i dé Ìbàdàn. Irin tóóró ni, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ni ìbú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ fún ara yín: bí alárù kan bá ru kìlógíráàmù 25, tọ́ọ̀nù èkùrọ́ kan gba alárù 40, oúnjẹ wọn àti ibùsùn wọn kò sì sí nínú ìṣírò náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ń kó ohun tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rù. Kòkó tí ó sọ ilẹ̀ wa di olówó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e kì bá má lè ti inú igbó jáde lórí ènìyàn ní irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1907 rélùwéè dé Òṣogbo, ní 1912 ó ti bá ti àríwá pàdé.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó jèrè. Àwọn oníṣòwò ọmọ Èkó, àwọn Sàró àti àwọn tí ó ti Bràsíìlì bọ̀, ni ó ti ń pariwo jù pé kí a ṣí ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀nà ṣí tán, àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó fi rélùwéè gòkè lọ kọ́ ilé ìtajà sí Ìbàdàn fúnra wọn, wọn kò sì nílò alágbàtà Èkó mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó gbàdúrà fún òjò ni àgbàrá gbé lọ.

Ẹnu ọ̀sà Èkó náà jẹ́ ibodè kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn ni oníbodè rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. A ń já ẹrù ní Forcados sínú ọkọ̀ kékeré kí ó tó dé Èkó. Láti nǹkan bí 1908 ni a ti ń to òkúta tí rélùwéè ń kó bọ̀ láti Abẹ́òkúta sínú òkun láti dá iyanrìn dúró, ní 1914 sì ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí wọlé tààrà. Ní 1926 a parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin ní Àpápá, irin sì dé ibẹ̀.

Báyìí ni ọ̀nà ṣe bọ́ sí ọwọ́ oníbodè tuntun, ìjọba fúnra rẹ̀. Òun ni ó ni irin, òun ni ó ni èbúté, òun ni ó ń sọ iye tí a ó san. Ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀nà mọ́tò ni pé kí ó máa ti oko wá sí ibùdókọ̀ rélùwéè, kí ó má ṣe bá irin rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n lọ́rì kò gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tí ó bá kó owó jọ díẹ̀ lè ra ẹnjìnnì, kí káfíńtà kan igi sí i lẹ́yìn, kí a kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí iwájú rẹ̀, ó di bọ̀lẹ̀kájà. Kì í dúró de agogo. Ó ń dé ìdí igi kòkó. Ó ń gbé adìẹ, iṣu, ìyá oníṣòwò àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbájé fi ọkọ̀ àti òwò di ọlọ́rọ̀ ṣáájú kí ó tó di olóyè ńlá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà, kí ó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ra kòkó, ó fi lọ́rì ṣòwò, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. Mo sọ pé èyí ni ìṣísílẹ̀ tòótọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀nà Èkó rí, nítorí ọmọ ilẹ̀ yìí wọlé sínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó ara rẹ̀, láìsí ìwé àdéhùn, láìsí ogun.

Ní 1955 rélùwéè àti èbúté di àjọ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1975 ni ó fi hàn bí oníbodè kan ṣoṣo ti léwu tó. Ìjọba ológun ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì ní ẹ̀ẹ̀kan, èyí tí ó ju ohun tí gbogbo èbúté wa lè gbà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ dúró sí òde Èkó, owó ìdádúró ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́, sìmẹ́ńtì sì ń dì nínú ìkùn ọkọ̀. A kọ́ èbúté Tin Can ní 1977. A ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, a sì gbé ibodè sí i, bí ti ayé Látòósà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ni ìjọba wó àwọn ibodè náà. Tóògéètì ni àwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibẹ̀.

Ní 2006 ìjọba yá àwọn ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni fún iye ọdún tí a dá, ilẹ̀ nìkan ni ó fi mọ́wọ́. Ẹ̀rọ tuntun dé, ọkọ̀ kò dúró pẹ́ ní òkun mọ́ bí ti àná. Ṣùgbọ́n a ṣí èbúté, a kò ṣí ọ̀nà tí ó ti èbúté jáde. Irin ti rọ. Gbogbo ẹrù di ẹrù tírélà. Tírélà àti táńkà sì tò sórí afárá láti Àpápá títí wọ inú ìlú, tí awakọ̀ ń sùn, tí ó ń wẹ̀, tí ó ń jẹun lábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Láàárín wọn ni àwọn agbèrò àti àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba ń rìn, wọ́n ń gba owó kí ẹni kan tó lè kọjá ẹnìkejì. Owó yìí kò sí nínú ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò tún ọ̀nà kankan ṣe. Ní èyí, oníbodè Ẹ̀gbá sàn jù ú lọ. Ìyá tí ń ra iyọ̀ ní Ìsẹ́yìn ni ó ń san án, láìmọ̀ pé òun ń san án. Ní oṣù kejì 2021 a gbé ètò kan kalẹ̀ tí a fi ń pe tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà a ṣí irin tuntun, irin fífẹ̀, kìlómítà 157, láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Ní 2023 a tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, kí ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè ṣe òfin lórí ọ̀ràn rélùwéè, èyí tí ó ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni irin ti ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, onílọ́rì àná, ni a fi sọ ibùdókọ̀ Mọ́níyà. Ó jìnnà sí àárín ìlú, nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yóò kọ́kọ́ jáde síta, yóò wo ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn onímọ́tò dúnàá-dúrà.