Ìtàn Ilé Ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá nílé àti lẹ́yìn odi, inú wa dùn pé a ti ń ka ìlú wa mọ́ àwọn ìlú tí yunifásítì wà. Ní ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a dá Federal University of Health Sciences sílẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ṣáájú èyí ni a ti ní College of Education, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wáyé ní 1991. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá dé ìlú, àwọn ènìyàn a máa bèèrè iye ilé tí a ó kọ́ àti iye ọmọ wa tí yóò wọlé. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan tí a kì í sábà bèèrè: ìwé wo ni yóò wà nínú ilé ìkàwé ibẹ̀ tí yóò sọ ìtàn àwa tí a ni ilẹ̀, ta ni yóò sì kó o síbẹ̀? Ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ni àgbà láàrin irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1948 ni University College ṣí ní Ìbàdàn, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler. Ọ̀gbẹ́ni John Harris, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni olórí àkọ́kọ́ fún ilé ìkàwé náà. Kò bá ilé ńlá níbẹ̀. Díẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti Higher College ti Yábàá wá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 18,000 ìwé ni ó ti ilé ọkùnrin kan ṣoṣo wá, èyíinì ni Henry Carr ti Èkó. A bí Carr ní 1863. Ó di alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, ó sì di ajẹ́lẹ̀ àgbà fún Èkó, ipò tí àwọn òyìnbó nìkan ni ó sábà máa ń wà nígbà náà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ń ra ìwé. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìjọba ra àwọn ìwé náà, ó sì fi wọ́n ta ilé ẹ̀kọ́ tuntun lọ́rẹ. Báyìí ni ìwé tí ọmọ Nàìjíríà kan fi owó ara rẹ̀ kó jọ ṣe di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Gbogbo Èkó ni ó mọ̀ pé Carr àti Herbert Macaulay kì í ṣe ọ̀rẹ́. Macaulay wà lẹ́yìn Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀. Carr ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ní 1924 Macaulay tilẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan jáde, tí ó fi béèrè pé kí a yọ Carr kúrò nípò. Macaulay kú ní 1946, a sì kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tirẹ̀ náà wá sí Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì tí wọn kò lè jọ jókòó nígbà ayé wọn ti ń gbé abẹ́ òrùlé kan báyìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ Èkó sì lè gbọ́ ti ọ̀tún kí ó gbọ́ ti òsì. Bí a bá ń jiyàn nípa oyè tàbí ààlà ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ǹjẹ́ a ní ibì kan tí àkọsílẹ̀ ìhà méjèèjì wà?

Ní 1950 òfin kan jáde pé kí a máa fi ẹ̀dà ohun tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Ìbàdàn. Ní 1954 ni ilé ńlá tí ó wà níbẹ̀ títí di òní parí. Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew ni ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n fi ihò kéékèèké dárà sí ara ògiri, kí atẹ́gùn lè máa wọlé kí oòrùn má sì pa ìwé. Orúkọ Kenneth Dike ni a fi pe ilé náà lẹ́yìn náà. Dike yìí ni ìjọba bẹ̀ ní 1951 pé kí ó wá àwọn ìwé àtijọ́ ìjọba kiri, nítorí wọ́n ń bàjẹ́ nínú ọ́fíìsì. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni National Archives ti jáde, tí òfin rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní 1957, tí ilé rẹ̀ sì wà nínú ọgbà yunifásítì náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Nígbà ìjọba òyìnbó, a pín Ìgbómìnà sí méjì. Ìlá wà ní Oyo Province. Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àwọn ìlú mìíràn wà ní Ilorin Province, lábẹ́ Ìjọba Àríwá. Nítorí náà, àwọn ìwé ajẹ́lẹ̀ tí ó kan Ìlá wà ní Ìbàdàn, àwọn tí ó kan àwọn ará wa ní ìhà kejì sì wà ní Kaduna. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn ìran kan ṣoṣo yóò rin ìrìn àjò méjì. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, ohun tí ó jẹ ajẹ́lẹ̀ lógún ni yóò bá: owó orí, ààlà, ẹjọ́ oyè. Kò ní bá ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa, tàbí ìwé owó tí àwọn ìyá wa dá láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti gbìyànjú. Ní 1996 ni John Pemberton III, olùkọ́ ní Amherst College ní Amẹ́ríkà, àti Funso Afolayan gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ipò ọba ní Ìlá. Amẹ́ríkà ni a ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i kọ nítorí pé àwọn àgbà wà láàyè tí ó lè dá wọn lóhùn. Púpọ̀ nínú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti lọ. Bí bàbá bá kú, a máa ń pín ilẹ̀, a máa ń pín aṣọ. Ṣùgbọ́n àpótí ìwé rẹ̀ ni a ń gbé fún oníàkàrà láti fi pọ́n àkàrà.

Nítorí náà, mo gbé ìmọ̀ràn mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí a máa fi ẹ̀dà ìwé ọdọọdún yìí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga méjèèjì ní Ìlá, àti sí National Library gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ti wí. Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹ àpótí wò kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nù. Kí wọ́n sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán nígbà tí ẹni tí ó mọ ojú ṣì wà láyé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹ̀ka wa ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀dà ìwé ìpàdé wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Kí ẹni tí ó bá fi ìwé sílẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, kí ó sì mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Carr kò mọ̀ pé yunifásítì ń bọ̀ nígbà tí ó ń ra ìwé. Àwa ti mọ̀. Tiwa ti dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àmín.