Lẹ́ńtì: Orúkọ Ààwẹ̀ Tàbí Orúkọ Ìgbà?

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tí ó ṣíwájú Ọdún Àjíǹde bá wọlé dé. Lẹ́ńtì ni àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ń pè é. Ní kékeré mi, ìyá mi àgbà bi mí léèrè pé, ‘Ìwọ tí o mọ̀wé, kí ni ń jẹ́ Lẹ́ńtì?’ Kíá ni mo dáhùn pé inú Bíbélì ni ó wà. Mo ṣìnà.

Ohun tí ó wà nínú Bíbélì ni ogójì. Ogójì ọjọ́ ni Mósè lò lórí òkè Sínáì. Ogójì ni Èlíjà fi rìn dé Hórébù. Ogójì ni Jésù fi gbààwẹ̀ nínú aginjù. Síbẹ̀, ààwẹ̀ àwọn Kristẹni ìgbà ìwáṣẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejì, Irenaeus kọ̀wé pé àwọn kan ń gbà á fún ọjọ́ kan, àwọn mìíràn fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 325, Ìgbìmọ̀ Nísíà ti ń dárúkọ àkókò kan ní èdè Gíríìkì, Tessarakoste, èyí tí ó mú iye pé ogójì. Quadragesima ni ó jẹ́ ní èdè Látìn. Láti inú rẹ̀ ni carême àwọn Faransé àti quaresma àwọn Potogí ti jáde.

Ṣé ogójì náà pé lóòótọ́? Póòpù Gregory Kìíní, tí ó kú ní ọdún 604, ṣírò rẹ̀: bí a bá yọ Ọjọ́ Ìsinmi kúrò nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ 36 ni ó kù. Ó ní ìdámẹ́wàá ọdún ni èyí, tí a ń san fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjọ Róòmù fi ọjọ́ mẹ́rin kún un. Ìdí nìyí tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ka ọjọ́ ní tiwọn. Ilé wọn ni wọ́n wò. Lencten ni wọ́n ń pe ìgbà ìrúwé láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá ‘gígùn’ tan, nítorí pé ìgbà náà ni ojúmọ́ ń gùn lẹ́yìn òtútù. Títí di òní, lente ni ìgbà ìrúwé ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Nẹ́dálándì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọ́ tí ó gùn jù fi wákàtí tí ó ju mẹ́jọ lọ ju èyí tí ó kúrú jù. Ẹni tí ó sọ ọmọ náà lórúkọ kò jayò pa.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ náà wá fún wa, níbi tí ìyàtọ̀ ojúmọ́ láàárín ọdún kò tó wákàtí kan. Ojúmọ́ wa kì í gùn kí a tó gbààwẹ̀. Ọyẹ́ ni ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àgbẹ̀ ń ṣánko, tí ó ń wojú òjò.

N kò ní kí a sọ orúkọ náà nù. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi àgbà bá tún lè bi mí léèrè, n óò wí fún un pé orúkọ ìgbà ìrúwé nílẹ̀ onílẹ̀ ni Lẹ́ńtì. Ní ọ̀sán ààwẹ̀, a máa wọn gàrí tí ì bá jẹ, a sì gbé e fún opó tí ó wà ní ògiri kejì. Kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n lónìí, n kò tíì gbé gàrí fún ẹnikẹ́ni.